Ohun Tí Mo Kọ́ Lára Iginla Lórí Bẹ́ǹṣì Àwọn Ọmọdé

Bí ẹ bá wọ pápá Saddledome ní Calgary tí ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí àsíá kan láàárín àwọn tí wọ́n fi kọ́ òrùlé. Nọ́ńbà 12 ló wà lára rẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ mọ́ ọn sì ni IGINLA. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2019 ni Calgary Flames, ikọ̀ họ́kì orí yìnyín tó ń lo pápá náà, fà á gòkè níwájú èrò, tí wọ́n sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ nọ́ńbà náà mọ́ nínú ikọ̀ wọn. Mo ti bá ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá pàdé tí wọ́n ti pẹ́ nílùú yìí, tí wọ́n ń kọjá níwájú pápá náà lójoojúmọ́, tí wọn kò mọ̀ pé ọmọ wa ni Jarome Iginla tó ni orúkọ náà. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Kánádà nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọdún 18. Adékúnlé lorúkọ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Elvis. Ìyá rẹ̀ wá láti ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Edmonton ni wọ́n bí Jarome sí, ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 1977, Adékúnlé sì wà nínú àwọn orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ohun tó mú mi kọ ìwé yìí ni iṣẹ́ tí ó yàn lẹ́yìn tó fi ọ̀pá sílẹ̀. Ó gbá ìdíje 1,554 ní NHL, líìgì họ́kì tó le jù lágbàáyé. Ó gbá góòlù 625 wọlé. Ní oṣù keje ọdún 2018 ó kéde pé òun ti ṣíwọ́. Lẹ́yìn náà ló lọ dúró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì àwọn ọ̀dọ́langba, ó ń kọ́ wọn ní họ́kì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ eré náà ní Kelowna, ní ìpínlẹ̀ British Columbia. Àwọn ọmọ tirẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́. Èmi náà ń dúró sẹ́yìn bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti bí mi, níbi tó jẹ́ pé yìnyín kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tó ń bọ́ pẹ̀lú òjò, tí a máa ń sáré ṣà jẹ kó tó yọ́.

Ọmọ mi ló fà mí débẹ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo ti rà sílé dè é. Ṣùgbọ́n họ́kì ni gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń sọ láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, ó sì wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé, "Dádì, èmi náà fẹ́ gbá a." Mo pe màmá mi nílé, mo ṣàlàyé fún wọn: ẹni márùn-ún àti gólì kan, ìyẹn ẹni tó ń ṣọ́lé, ní ìhà kọ̀ọ̀kan, bàtà tó ní irin mímú lábẹ́, ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, wọ́n á máa fi lé rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan tó ń jẹ́ pọ́ọ̀kì lórí omi dídì. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ de irin mọ́ ọmọ lẹ́sẹ̀, ẹ tún fún un lọ́pàá. Ta ló fẹ́ lọ bá jà?" Mo fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé akoto rẹ̀ bo gbogbo ojú, àti pé ní Kánádà wọn kì í gba àwọn ọmọ tí kò tíì kọjá ipele U13 (ipele àwọn tí kò tíì pé ọdún 13) láyè láti máa fi ara kọlu ara wọn bí àwọn àgbà ti ń ṣe. Wọ́n ṣàdúrà fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀.

Níhìn-ín, òbí kì í kàn já ọmọ sílẹ̀ kó máa lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀kan nínú àwọn òbí gbọ́dọ̀ ka ẹ̀kọ́ kan parí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nípa bíbọ̀wọ̀ fún ọmọdé, fún kóòṣì àti fún rẹfirí, kí orúkọ ọmọ tó lè wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lórí bẹ́ǹṣì ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti ṣe, àwọn ọlọ́pàá á sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ nítorí pé wọ́n nílò ẹni tí yóò máa ṣí ilẹ̀kùn bẹ́ǹṣì. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ nìyẹn: kí n ṣílẹ̀kùn, kí n tì í, kí n so okùn bàtà, kí n bu omi sí ìgò.

Ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ni ojú mi ti là sí iṣẹ́ kóòṣì. Nínú họ́kì, ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ lórí yìnyín. Nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45, èémí á ti tán lára ọmọ, á sáré padà wá jókòó, ẹlòmíràn á fò wọlé dípò rẹ̀, eré ò sì ní dúró dè wọ́n. Èyí já sí pé orí bẹ́ǹṣì ni ọmọ ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò ìdíje. Ibẹ̀ ló ti ń mí gúlegúle, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ó mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. Kí lẹ fẹ́ sọ fún un? Kóòṣì tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè dọ́gba, á ní, "O rí i pé àárín ṣófo, àbí?" Ọmọ á mi orí. Ó parí. Àwọn òbí tó ń pariwo láti orí ìjókòó lókè lè máa sọ ogún nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ ò sì ní gbọ́ ọ̀kankan.

Nígbà tí mo rí ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn Iginla kà, torí ó ń yà mí lẹ́nu pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè fẹ́ ṣe iṣẹ́ onígbólóhùn kan yìí.

Kékeré ló wà nígbà tí bàbá àti ìyá rẹ̀ pínyà. St. Albert, ìlú kan tó fara ti Edmonton, ló dàgbà sí lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àwọn òbí ìyá rẹ̀ sì gbé lára ẹrù náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ ọmọ họ́kì mọ bí ẹrù yẹn ti wúwo tó: jíjí kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ọkọ̀ tó gbóná, kí ọmọ tó jẹun, àpò aṣọ ìjà tó ga ju ọmọ fúnra rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gólì ni Jarome ń ṣe. Grant Fuhr ló ń wò, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń ṣọ́lé fún Edmonton Oilers nígbà tí ikọ̀ náà ń gba Stanley Cup, ife tó ga jù ní NHL, léraléra. Bí ọmọ kan bá bi í pé kí ló ń dààmú ara rẹ̀ sí nígbà tí aláwọ̀ dúdú kò sí ní NHL, Fuhr ló máa ń nàka sí. Èyí wọ̀ mí lọ́kàn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Nínú yàrá tí ọmọ mi ti ń múra, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú. Ọjọ́ tí mo mú un lọ sí Saddledome tí ó rí àsíá yẹn, ó ka orúkọ náà síta bí a ṣe ń pè é nílé gan-an, tí akọ̀ròyìn òyìnbó kankan kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ rọ̀ fún un. Pẹ̀lú ikọ̀ Kamloops Blazers, ó gba Memorial Cup, ife àwọn ọ̀dọ́ tó ga jù ní Kánádà, lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, ní 1994 àti 1995. Dallas Stars yan án ní ipò 11 nígbà tí àwọn ikọ̀ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní 1995. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti fi òun àti agbá-họ́kì mìíràn pààrọ̀ Joe Nieuwendyk ti Calgary. Àwọn ará Calgary fẹ́ràn Nieuwendyk dénú, ọmọ ọdún 18 kan tí ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ni wọ́n sì rí gbà. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ó gbá góòlù 21. Ní sáà kejì, 13 péré.

Mo kọ àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sínú bébà kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara firíìjì: 21, 13, 28, 29, 31, 52. N kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọmọ mi bi mí pé kí ni, mo ní góòlù Iginla ni, sáà mẹ́fà àkọ́kọ́. Ó wò ó títí, ó fi ìka lé 13, ó ní, "Kí ló ṣe é níbí?" Ìbéèrè tí mo ń retí nìyẹn. Mo sọ fún un pé sáà kejì le fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, torí àwọn tó ń ṣọ́ ọ ti mọ̀ ọ́n. Mo sì ní kí ó wo ìgbà mélòó ni nọ́ńbà náà fi ń gun òkè lẹ́yìn 13 kó tó dé 52. Iginla kì í ṣe ẹni tó yára jù lórí yìnyín. Ara tó le, ọwọ́ tó le, àti ìgboyà láti wọ ibi tí wọ́n ti ń nà án ló fi ń jẹun. Ibì kan wà ní apá òsì pápá tó fẹ́ràn láti dúró sí nígbà tí ẹgbẹ́ kejì bá dín ẹnì kan nítorí ìjìyà. Bí wọ́n bá ti ti pọ́ọ̀kì sí i níbẹ̀, kò ní dá a dúró, á gbá a lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo líìgì mọ ibẹ̀, síbẹ̀ wọn kì í rí i dá dúró. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ àìmọye ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ láti pàtẹ́wọ́.

Sáà oní-52 yẹn, 2001 sí 2002, ló gba ẹ̀yẹ ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jù àti ẹni tí àmì rẹ̀ (góòlù pẹ̀lú èyí tó gbé fún ẹlòmíràn gbá) pọ̀ jù. Ní oṣù kejì 2002, ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Salt Lake City, ó gbá góòlù méjì nínú àṣekágbá tí Kánádà ti na Amẹ́ríkà 5 sí 2, ó sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù.

Ọdún 2004 ni àwọn ará Calgary kò lè gbàgbé. Craig Conroy ti bọ́ ipò balógun sílẹ̀ fún un lọ́dún tó ṣáájú, Darryl Sutter sì ni kóòṣì wọn, ọmọ àgbẹ̀ láti Viking ní Alberta, tí òun náà ti gbá họ́kì fún Chicago kí ara tó fi í sílẹ̀. Ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà sí dé àṣekágbá Stanley Cup, níbi tí ẹni tó bá kọ́kọ́ borí nínú ìdíje mẹ́rin ti ń gba ife. Ní ìdíje karùn-ún, nínú àfikún àkókò, Iginla kọ̀ láti kúrò lórí yìnyín. Akoto rẹ̀ ti bọ́, ó ń jà fún pọ́ọ̀kì lára ògiri, ó gbá a síwájú ilé, Oleg Saprykin sì ti èyí tó ta padà wọlé. Ó ku ìdíje kan kí ife dọ́wọ́ wọn. Wọn kò rí i gbà. Tampa Bay borí nínú ìdíje kẹfà àti ìkeje. Ẹni tó gbá góòlù tó parí ìdíje kẹfà ní Calgary gan-an ni Martin St. Louis.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọkùnrin yìí, torí òun àti Iginla ti jọ wọ jẹ́sì Calgary rí. Kò ga, ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íńṣì 8 ni. Kò sí ikọ̀ NHL kankan tó yan án nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Calgary gbà á, wọ́n lò ó díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó lọ ní ọdún 2000. Tampa Bay mú un. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó gba ẹ̀yẹ ẹni tó dára jù ní líìgì, ó gba ife, ó sì gbà á lọ́wọ́ Calgary. Iginla kò gba Stanley Cup títí tó fi ṣíwọ́, bó tilẹ̀ lọ wá a dé Pittsburgh, Boston, Colorado àti Los Angeles.

Ohun tó wú mi lórí ni pé nígbà tí wọ́n parí eré, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì gbà lọ. St. Louis ń kọ́ ikọ̀ àwọn ọmọdé tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ní Connecticut. Ibẹ̀ ni Montreal Canadiens ti wá pè é ní oṣù kejì ọdún 2022 pé kó wá jẹ́ olórí kóòṣì. Ikọ̀ náà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú líìgì nígbà náà. Àwọn kan béèrè bí kóòṣì ọmọdé ṣe fẹ́ darí àwọn olówó. Ní 2025, wọ́n ti padà sínú ìdíje ife. Mo gbàgbọ́ pé ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé ló ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kò mọ ẹ̀yẹ tí o gbà. Bí ọ̀rọ̀ rẹ kò bá yé e, á ṣi ibi tó yẹ kó lọ gbà, gbogbo òbí á sì rí i. Ibẹ̀ lèèyàn ti ń kọ́ láti sọ ohun tó mọ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, kó sì dúró kí ó wọlé. Bí ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ télọ̀ ló rí: ọ̀gá tó lè rán agbádá lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ lè fi sùúrù wo ọmọ iṣẹ́ tó ń fi odidi ọ̀sán gba okùn sójú abẹ́rẹ́.

Góòlù tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ lórí bẹ́ǹṣì wa kì í ṣe ti Iginla. Ti Sidney Crosby ni, ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2010 ní Vancouver, àfikún àkókò nínú àṣekágbá Òlíḿpíìkì pẹ̀lú Amẹ́ríkà. Gbogbo Kánádà mọ góòlù yẹn. Mo máa ń dá fídíò náà dúró kí Crosby tó gbá a. Mo máa ń ní kí wọ́n wo igun, kí wọ́n wo nọ́ńbà 12. Crosby ń kígbe pè é. Ẹnì kan ti ń tì í ṣubú, ara rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀, síbẹ̀ ó rọra ti pọ́ọ̀kì jáde sí ibi tó yẹ kó lọ. Ó ti ṣubú kí góòlù náà tó wọlé. Mo bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ́. Gbogbo wọn ń dáhùn Crosby, àfi ọmọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ní òun fẹ́ jẹ́ èyí tó ṣubú. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ kan bá gbé pọ́ọ̀kì dáadáa fún ẹlòmíràn, ẹni tó gbé e ni mo ń kọ́kọ́ bọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá padà sí bẹ́ǹṣì. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdọọdún, wọ́n máa ń ṣe ìgbéléwọ̀n, wọ́n á pín àwọn ọmọ sí ipele. Lọ́dún kan, ipele tó rẹlẹ̀ ju èyí tí ọmọ mi ń retí lọ ni wọ́n fi í sí. Ó sunkún nínú ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè láti London pé kí n lọ bá wọn jà, pé àwọ̀ ọmọ ni wọ́n wò. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti wá, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó wo gbogbo ìgbéléwọ̀n náà. Ọmọ mi kò lè yí padà sí apá òsì dáadáa, èyí sì hàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe é, mo bi wọ́n léèrè ohun tó kù, wọ́n sì sọ ọ́ ní kedere. Ìgbà òtútù yẹn, ṣáájú ìgbáradì, òun nìkan ló ń yípo sí apá òsì, ó ń ṣubú, ó ń dìde. N kò sọ̀rọ̀. Ní ipele kékeré yẹn, ó ń gbá ju bó ṣe máa ń gbá tẹ́lẹ̀ lọ, torí wọ́n ń lò ó nínú gbogbo nǹkan, títí kan ibi tí wọ́n ti dín ẹnì kan. Ó parí sáà náà pẹ̀lú ayọ̀ tí n kò rí lójú rẹ̀ rí.

Tij, ọmọ Iginla ọkùnrin, ni ikọ̀ NHL ti Utah yan ní ipò 6 ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ọmọ tí ikọ̀ tuntun náà kọ́kọ́ yàn rí nìyẹn. Jade, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbá họ́kì ní Yunifásítì Brown. Bàbá wọn gba ìjókòó ní gbọ̀ngàn àwọn olókìkí họ́kì, ó sì ti padà sí Calgary láti máa gba Conroy nímọ̀ràn, torí Conroy ni alákòóso àgbà Flames báyìí.

Fún ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rò ó: owó rẹ̀ kò kéré, n kò ní tàn yín. Bàtà, akoto, ìbọ̀wọ́, ohun ìdáàbòbò ọrùn tí wọ́n ti sọ di dandan, àti owó pápá. Ẹ má ra bàtà tuntun fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Àlòkù tó dára wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn pọ́n irin rẹ̀. Ẹgbẹ́ aláàánú kan, KidSport, máa ń bá ìdílé tí owó kò tó san nínú owó ìforúkọsílẹ̀. Nígbà tí Iginla ṣì ń gbá ní Calgary, ó máa ń fún wọn ní dọ́là 1,000 fún góòlù kọ̀ọ̀kan tó bá gbá, ó sì gbé e dé 2,000 lẹ́yìn náà. Ìtìjú kò sí nínú ìwé ìbéèrè wọn. Ní sáà tó ń bọ̀, èmi ni olórí kóòṣì àwọn ọmọ U7 ní àdúgbò wa, àwọn tó jẹ́ pé apá kan pápá ni wọ́n ń lò, tí wọ́n ń ti àga kékeré kiri kí wọ́n má bàa ṣubú. Bí ẹ bá ní ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò yín kí oṣù kẹjọ tó parí, torí àyè àwọn kékeré yẹn ló máa ń kọ́kọ́ kún.